Ẹni Tó Jẹ́rìí fún Stephanie

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Kí n kọ ọ́ síbí, kí n má baà lọ fà á nírun nílé rẹ̀.

Stephanie. Ọ̀rẹ́ mi—ọ̀rẹ́ mi àná. Láti òní lọ, nínú ìwé yìí, Ìyá Àánú lorúkọ rẹ̀.

Àwa obìnrin ẹ̀sítéètì wa ní Ṣàngíṣà níbí ní ẹgbẹ́ àjùmọ̀rà. Bí oṣù bá parí, kálukú á fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì Ìyá Àánú, òun á lọ sí Mile 12 ní ìdájí, á ra tòmátì ní apẹ̀rẹ̀-apẹ̀rẹ̀, á ra ata, àlùbọ́sà, iṣu. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù la máa ń pín in ní àgbàlá rẹ̀. Ó ń gbà wá lọ́wọ́ ọ̀wọ́n ọjà, kò sí irọ́ ńbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bẹ̀ ẹ́, èmi àti òun nìkan nílé ìdáná mi, pé kó bá mi fi owó tèmi sí i títí n ó fi gba owó oṣù tíṣà mi. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Adétúnjí ọkọ mi láti oṣù kẹta. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Tiwa ọmọ wa gan-an ò mọ̀. Àràárọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń gbé báàgì jáde bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Àánú dì mọ́ mi. Ó ní àṣírí mi, àṣírí òun ni.

Àárọ̀ yìí ló gba ohùn sílẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ lórí Wásáàpù:

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ ká ṣàánú Mummy Tiwa o. Ọkọ wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, wọn ò lè sanwó tòmátì. Ẹ jẹ́ ká máa rántí wọn nínú àdúrà."

Ohùn pẹ̀lẹ́. Ohùn ẹni tó ń ṣe ìsìnkú. Tiwa ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí fóònù mi. Ó wò mí. Ó wọ yàrá lọ.

Mi ò ní gbàgbé. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé.


Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan rọra ń fi owó há mi lọ́wọ́ bí ẹni ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Ẹnìkan gbé tòmátì wá lẹ́yìn ìsìn, èyí tó ti rọ̀ tán. Mo dúpẹ́. Mo dà á sí ààtàn.

Ìyá Àánú jókòó níwájú, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń sunkún níwájú Olúwa.


Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Baba Tiwa ò jáde. Kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí ló tún kù tí òun ń bò mọ́lẹ̀.


Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò tíì rí ọ̀nà gbẹ̀san. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi á bà á.


Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Àánú wá! Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ó ra bisikíìtì dání fún Tiwa.

Báǹkì kan ló fẹ́ fún un ní káàdì. Kì í ṣe káàdì tí gbogbo wa ní, tí èèyàn fi ń gba owó ara rẹ̀. Èyí, owó báǹkì lèèyàn á máa ná, á wá máa san án padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èlé. Káàdì àwìn ni kí wọ́n kúkú pè é. Wọ́n bi í pé èló ló ń wọlé fún un lóṣù. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún wọn: ó ní oníṣòwò oúnjẹ lòun, ó ní gbogbo owó tó ń wọ àkáǹtì òun lóṣooṣù, èrè iṣẹ́ òun ni.

Owó wa! Owó tòmátì wa ló sọ di owó oṣù!

Kò níṣẹ́ kankan. Owó ọbẹ̀ nìkan ni Felix ọkọ rẹ̀ ń fún un, á sì tún béèrè ṣẹ́ńjì. Owó ilé ìwé Success ọmọ wọn tó wà ní Kánádà ló ń lé e kiri. Felix ní kí ọmọ náà máa bọ̀ nílé, pé òun ò rówó rán mọ́. Ìyá Àánú ò fẹ́ kí ọmọ òun padà sílé pẹ̀lú ìtìjú. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, ẹkún gidi, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Báǹkì á rán èèyàn wá wo òwò náà, ó sì nílò ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ tó máa jẹ́rìí sí i.

Ó ní èmi nìkan lòun lè bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ̀ẹ́ kó jáde. Èmi!

Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Mo wá rántí ohùn rẹ̀ lórí Wásáàpù. Àánú náà sá lọ.

Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé n ó jẹ́rìí.


Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Mo rò ó títí nínú kíláàsì, àwọn ọmọ ń ka ìsodipúpọ̀, etí mi ò sí lọ́dọ̀ wọn.

Bí mo bá sọ òótọ́ fún ẹni tí báǹkì rán, wọn ò ní fún un ní káàdì. Á sunkún lọ́jọ́ kan, ó parí. Kékeré nìyẹn. Kò tó mi.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún un ńkọ́? Kí wọ́n fún un lọ́pọ̀! Obìnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ mú bó bá rówó. Á ná an. Ọjọ́ á pé. Báǹkì á wá a wálé, Felix á gbọ́, gbogbo ẹ̀sítéètì á gbọ́. Nígbà náà èmi náà á gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣàánú Mummy Success o.

Tèmi ni ẹ̀san, ni Olúwa wí. Mo mọ ẹsẹ Bíbélì yẹn. Ṣùgbọ́n Olúwa náà máa ń rán èèyàn níṣẹ́.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Obìnrin yìí gbọ́n, ẹ má tàn mí. Ọjọ́ ìpínjà gan-an ló pe ọkùnrin báǹkì náà wá! Ó sọ fún àwọn yòókù pé ọ̀sán ni kí wọ́n wá kó ọjà. Ní àárọ̀, àgbàlá rẹ̀ kún fọ́fọ́, apẹ̀rẹ̀ tòmátì títí dé ẹnu géètì, àpò àlùbọ́sà, iṣu lóríṣiríṣi. Àwọn alábàárù ṣì ń já ẹrù. Ẹni tó bá rí i á búra pé olówó ni.

Ọláṣùpọ̀ lorúkọ ọkùnrin náà. Ó so táì, òógùn bò ó. Ó fi fóònù ya fọ́tò apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan, ó yà á tẹ̀gbẹ́ tẹ̀gbẹ́. Ó wá yí sí mi.

"Mummy, ṣé Madam ló ni gbogbo ọjà yìí?"

Ìyá Àánú ń wò mí. Ètè rẹ̀ gbẹ.

"Òun ló ni ín," ni mo wí. "Èyí tẹ́ ẹ rí yìí, kékeré ni. Ẹ padà wá ní Kérésìmesì."

Ó bi mí bóyá àwọn oníbàárà rẹ̀ ń san owó déédéé. Mo ní gbogbo wa là ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, pé owó tó ń wọlé fún un, òun fúnra rẹ̀ ò lè kà á tán. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní káàdì, kí wọ́n má ṣahun.

Irọ́ funfun báláú. Kò dùn mí rárá. Adùn ló bá mi, ó bá mi títí mo fi gbé tòmátì tèmi délé—bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dá mi padà sínú ẹgbẹ́, ó tiẹ̀ fi ata kún un fún mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Káàdì ti jáde. Ó ju èyí tó béèrè lọ! Ó dì mọ́ mi lẹ́nu géètì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sókè. Ó ní báǹkì sọ pé ẹ̀rí mi ló jẹ́ kí wọ́n bù ú lọ́pọ̀.

Mo ní kó lò ó láyọ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Ó ti san owó ilé ìwé Success. Kò dúró níbẹ̀. Bàtà tuntun. Wíìgì tuntun. Fíríìjì gbàǹgbà kan dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ fún Felix pé ẹ̀gbọ́n òun ló fi ta òun lọ́rẹ. Báǹkì ní iye bín-ín-tín ló pọn dandan kó máa san lóṣù, ìyẹn nìkan ló ń san. Ó rò pé ẹ̀bùn ni.

Mò ń kan sáárá sí wíìgì náà. Mo ní ó yẹ ẹ́.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kọkànlá

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí tí mi ò fẹ́ràn.

À ń ṣa ẹ̀wà, èmi àti Baba Tiwa. Ilé iṣẹ́ tó ń yáni lówó ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo bi í bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ, mo ní tíṣà kan níléèwé wa ló gba káàdì àwìn, tí kò rówó san án mọ́. Ṣé wọ́n á wá mú un nílé ni?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló fẹ́ rìn wá sílé ẹni. "Inú àkáǹtì rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀, wọ́n á gé e. Ó ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀."

Mo dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

Inú àkáǹtì. Àkáǹtì tí owó gbogbo wa wà. Owó oṣù kejìlá ló sì ń wọlé sí i báyìí, tí í ṣe owó ọdún: ìrẹsì, òróró, tòlótòló. Alhaja Modinat ti san tirẹ̀. Òun ló ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà fún àwọn ọmọ iléèwé wa lẹ́bàá títì. Gbogbo owó òwò rẹ̀ ló kó sí i, kó lè ra ìrẹsì sílẹ̀ kó tó wọ́n sí i.


Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ bá Alhaja lẹ́yìn iléèwé. Mo fẹ́ sọ fún un kó gba owó rẹ̀ padà kíákíá. Mo fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run mọ̀.

Kí n tó lanu, ó rí mi lókèèrè, ó ké sí mi láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́ o, Kúnbi. Ṣé Baba Tiwa ti wá rí nǹkan kan ṣe báyìí?" Gbogbo wọn yíjú. Ó bu ìrẹsì sínú ọ̀rá fún mi, ó ní kí n má sanwó.

Kò ní in lọ́kàn láti dójú tì mí. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Ìyá Àánú náà ni gbogbo pẹ̀lẹ́ yìí ti ń jáde wá. Mo gba ọ̀rá náà, mo padà sílé. Mi ò sọ nǹkan kan.

Bóyá kò tiẹ̀ ní ṣẹlẹ̀. Bóyá á rí owó san.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kọkànlá

Ìyá Àánú ní èmi nìkan ni mi ò tíì san owó ọdún. Mo ní owó oṣù ò tíì wọlé. Ó ti wọlé láti àná.


Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kejìlá

Ìyá Àánú ò rówó káàdì san lóṣù tó kọjá, báǹkì ti gbé owó wa. Gbogbo rẹ̀. Kò kù ju owó wíwọ mọ́tò lọ nínú àkáǹtì náà.

Inú kíláàsì ni mo wà nígbà tí Wásáàpù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Èébú. Èpè. Àwọn tó ń pè é ní Mummy Success ní oṣù tó kọjá ti ń pè é lólè. Mo kà á tán, mo tún un kà. Mo rẹ́rìn-ín níwájú àwọn ọmọ, ọ̀kan ní kí n sọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín fún àwọn.

Kí n má purọ́ fún ìwé tèmi. Ó dùn. Ó dùn títí mo fi rí ohun tí Alhaja kọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kejìlá

Ìpàdé wáyé ní àgbàlá Stephanie. Kò sí tòmátì, kò sí nǹkan kan nílẹ̀, àga nìkan. Felix dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Baba Tiwa tẹ̀lé mi lọ. Mi ò fẹ́ kó tẹ̀lé mi.

Wọ́n bú u. Wọ́n ní kó gbé fíríìjì tà. Wọ́n ní kó pe Success wálé kó wá ṣe lébìrà. Mo ti ní ọ̀rọ̀ tèmi lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tò ó jọ: Ẹ jẹ́ ká ṣàánú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà. Mo dìde láti sọ ọ́.

Bí mo ṣe dìde báyìí, Stephanie kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó di etí aṣọ mi mú. Ó ní kí gbogbo wọn wò mí dáadáa. Ó ní òun tú àṣírí mi síta, òun dójú tì mí láàárín ẹgbẹ́, òun sì mọ̀ pé ó dùn mí, síbẹ̀ n ò gbẹ̀san. Ó ní nígbà tí báǹkì béèrè òun, èmi ni mo jáde tí mo sọ rere nípa òun, mo tiẹ̀ sọ ju ohun tí òun bẹ̀ mí láti sọ lọ, nítorí ọmọ òun. Ó ní òun ò rí ọ̀rẹ́ báyìí rí láyé òun.

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi.

Alhaja ló kọ́kọ́ lanu. Kò pariwo.

"Kúnbi, ìwọ lo sọ fún wọn pé òun ló ni owó wa?"

Ó sún mọ́ mi.

"Ìwọ nìkan lo ò sì san owó ọdún. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n máa gbé e ni?"

Mo lè sọ pé rárá. Stephanie ì bá gbè mí lẹ́sẹ̀, ì bá fi Bíbélì búra fún mi. Ó ṣì gbójú sókè sí mi, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún, ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo wẹ̀yìn. Baba Tiwa ń wò mí. Ó ti rántí ọjọ́ tá à ń ṣa ẹ̀wà, mo rí i lójú rẹ̀.

Mo ní mo mọ̀.

Stephanie fi etí aṣọ mi sílẹ̀.