Ìwé Ẹ̀jẹ̀ Bushrah

Mubaraq Àkànní, ọmọ mi,

Àsàláámù àléékùm. Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣọ́ géètì ní Èkó ń ṣe dáadáa sí ọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí oòrùn pa ọ́ níbẹ̀. Àwa náà wà ní Iresa, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí.

Bushrah àbúrò rẹ bímọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin ni, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ò dá lára rẹ̀. Èmi àti Hussein ọkọ rẹ̀ gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà kọ ìwé pé kí wọ́n bá a wá ẹ̀jẹ̀ kíákíá, nọ́ọ̀sì sì gbé ìwé náà lọ. A dúró títí, ẹ̀jẹ̀ ò dé. Mo béèrè, wọ́n ní ìwé ti lọ, kí n ṣe sùúrù. Àtẹ́lẹwọ́ Bushrah ti funfun bí ẹfun, ó ń pè mí bí ẹni tó wà nínú kànga.

Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ tí o sọ nígbà Iléyá, tí mo bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹni tó ka yunifásítì fi ń ṣọ́ géètì. O ní inú kọ̀ǹpútà ni géètì yín wà, pé iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń rán ló ń gbà á kọjá, kì í ṣe ènìyàn, pé ẹ máa ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́, pé gbogbo ilẹ̀kùn tó bá kàn ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wọlé, pé ó jáde. Èyí tó bá sọnù, ẹ ó wá ilẹ̀kùn tó kọ wíwọlé rẹ̀ tí kò kọ jíjáde rẹ̀.

Mo dìde. Mo gba nọ́ńbà ìwé Bushrah lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mẹ́rìnlélógójì, mo kọ ọ́ sí ọwọ́. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí ìwé náà gbà, wọ́n ṣí rẹ́gísítà wọn: ó wọlé, ó jáde. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ni ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mátíù ló wà níbẹ̀. Ó ní ìwé ti kúrò lọ́dọ̀ òun tipẹ́. Mo ní kó fi ibi tó kọ ọ́ sí hàn mí. Ó wò ó: ó wọlé wà níbẹ̀, ó jáde kò sí. Ó ní kí n jáde, inú bí i, ni mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ní bí ọmọ mi yóò bá kú, ojú rẹ̀ ni yóò ṣe.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú tábìlì. Ìwé Bushrah ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ẹlòmíràn. Mubaraq, ọkùnrin náà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré gbé ẹ̀jẹ̀ náà wá. Dókítà sọ fún Hussein pé ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ìbá ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn.

Lẹ́yìn ìrun alásárì ni Bushrah la ojú, ó ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹkún gbọ̀n mí jìgìjìgì. Mátíù wá kí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ ọdún méjìlélógún. Èpè ló wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọmọ ẹnì kan lòun náà, mo ní Ọlọ́run á forí jì í.

Jọ̀ọ́, fi owó àgbò ránṣẹ́, Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ. Bí o bá lè fi owó gáàrì àti epo kún un, Ọlọ́run á fi kún tìrẹ. Kò ní rẹ̀ ọ́, ibi ò ní mọ ilé rẹ, wàá dàgbà dogbó lójú mi.

Bushrah kò tíì lè dìde dúró. Òun àti Hussein ní àwọn ò ní sọ ọmọ náà ní orúkọ kankan, àfi èyí tí o bá mú wá.

Ìyá rẹ,
Raliat