Orí Àbúrò Yín Tí Ẹ Ní Ó Pé

Bọ̀dá Àkànbí,

Mò ń mú àbúrò yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ ní Oǹdó. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná fúnra yín.

Ohun tí ẹ ṣe láàárọ̀ yìí kó mi nírìíra. Lọ́yà àwọn tó ni tírélà tó fọ́ orí ọkọ mi wá bá wa ní Ijapo, ẹ sì kọ́kọ́ lọ wọ léèsì. "Kò sí wèrè nínú ìdílé wa o, lọ́yà! Orí àbúrò mi pé pérépéré!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ tún fi oyè yín kún un. Ẹ̀yìn yín gan-an ni àbúrò yín jókòó sí tó ń sunkún, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ mọ́. Ta ló pè é ní wèrè? Ẹkún yẹn la ń tìtorí ẹ̀ béèrè owó gbà-má-bínú. Bóyá ìwé dókítà á lè pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́.

Bí lọ́yà bá padà wá, ẹ má ṣí géètì.

Nígbà tí ẹ sìn ín jáde, àbúrò yín bi mí pé ta ni ọkùnrin tó wọ léèsì yẹn.

Mo ní lọ́yà àwọn onítírélà ni.

Monílọ́lá