Ẹ Kú Ewu Tó Yá Jù

Òkè Ilé Atúnfóònùṣe,
Ẹ̀yìn Ilé-ìwòsàn,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú kí wọ́n máa ju bàtà ara wọn gba ojú fèrèsé? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ní ó ti san, nítorí o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú rẹ. Tiwa náà ò burú. Ọkọ mi ṣì ń hanrun bí ẹni ń fa àga nílẹ̀, èmi náà sì ti sanra. Má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ṣì wà níwájú.

O béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa kí èèyàn. Òótọ́ ni. À ń ṣe ẹ̀rọ kan tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa oògùn apakòkòrò, ìyẹn irú èyí tí dókítà ń kọ fún egbò tó ń kẹ̀. O ṣáà mọ ìṣe wa. Bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀ báyìí, a ó ṣíwọ́ oògùn, a ó tọ́jú ìyókù, aládùúgbò tó bá wúkọ́ la ó sì fún. Àwọn kòkòrò tí kò kú á wá lágbára sí i, oògùn ò sì ní lè pa wọ́n mọ́. Ẹ̀rọ wa ò béèrè ìwé kíkà. Fóònù yòówù kó o ní, kódà bí ojú rẹ ò bá ríran, ṣáà pè é, sọ tẹnu rẹ, yóò dá ọ lóhùn.

Nígbà tá a kọ́kọ́ ṣe é, ńṣe ló kàn ń bi èèyàn ní orúkọ oògùn tó ń lò. Àwọn àgbà gé fóònù mọ́ ọn lójú. Ìyá kan ní ọmọ ta lèyí, tí kò kí òun, tó wá ń bi òun ní ohun tí òun ń gbé mì. Ọ̀gá wa bá ní kí n fi ìkíni sí i. Ṣé o mọ̀ mí, mo fi sí i débi pé ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dọ̀bálẹ̀. Mo kí wọn kú ìjókòó, mo kí wọn kú ìrọ́jú, mo kí wọn kú ara tó ń ro wọ́n. Ohùn tèmi gan-an ni wọ́n gbà sílẹ̀. Apoògùn tó wà láàárín wa, ọkùnrin tó máa ń wo gbólóhùn bí ẹni ń wo owó ayédèrú, yẹ gbogbo ohun tó kan oògùn wò, ó tún un yẹ̀ wò. Kò wo ìkíni, torí ìkíni kì í ṣe oògùn. Ibẹ̀ gan-an la ti jìn sí kòtò.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa, ní egbò lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ojú wọn sì ti di bàìbàì, wọn ò lè ka ohun tó wà lára páálí oògùn. Dókítà fún wọn ní apakòkòrò, ó sì kìlọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Mo fún wọn ní nọ́ńbà ẹ̀rọ wa, ṣùgbọ́n mi ò sọ ẹni tó ni ohùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni, wọn ò ní gbọ́. Ohun tí mo bá sọ nílé, òdìkejì rẹ̀ ni Màmá ń ṣe. Tí mo bá ní kí wọ́n jókòó síbi atẹ́gùn, òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lójú ẹsẹ̀.

Adúmáadán, o ò rí nǹkan! Màmá fẹ́ràn ẹ̀rọ ju ọmọ tí wọ́n bí lọ. Láràárọ̀ ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá parí, wọn á kọjú sí ibi tí mo ti ń lọ aṣọ, wọn á ní ọmọbìnrin inú fóònù yìí, wọ́n kọ́ ọ yanjú, àwọn ò mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ àwọn kan. Inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn. Irú ìyà wo nìyẹn?

Lọ́jọ́ kan tí mò ń gbá yàrá wọn, mo rí oògùn nínú agolo bisikíìtì. Wọ́n ti ṣíwọ́. Wọ́n ní egbò ti ń gbẹ, àwọn sì ti bù díẹ̀ fún oníbàtà ọ̀ọ́kán tó ń wúkọ́. Mo bẹ̀ wọ́n, mo pariwo, ọkọ mi náà pariwo. Wọ́n ní ọmọ inú fóònù ti sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi wú, tó gbóná, tó ń rùn. Nílé-ìwòsàn, dókítà gbé oògùn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ kalẹ̀, ó ní bí wọ́n bá tún já èyí sí àárín, gígé ni àwọn máa gé ẹsẹ̀ náà.

Mo sáré lọ síbi iṣẹ́, mo pe ẹ̀rọ kí n lè gbọ́ ohun tó sọ fún Màmá, mo ní ara mi ti yá. Ohùn tèmi, tó dùn bí oyin, dáhùn pé, "Ẹ kú ewu o! A ò ní rí irú ẹ̀ mọ́." Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ń kí èèyàn kú ewu nígbà tí ewu ò tíì lọ? Ta ni wọ́n sì kí kú ewu tí yóò tún máa gbé oògùn mì? Apoògùn fọwọ́ bojú, kò lè wò mí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó ti Màmá níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni ọmọ inú fóònù.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Ṣé etí mi náà ló fọ́ ni?"

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n wá fi ń fi mí wé ara mi lójoojúmọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n máa bá àwọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé ni. Wọ́n tún ní:

"Àmọ́ ìwọ lo kí mi kú ewu. Ká ní ẹ̀rọ lásán ni, n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó mi ni. Ta ni mo tún fẹ́ gbà gbọ́?"

Mo sunkún, mi ò sì tijú. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé wọn ò ka ọ̀rọ̀ mi sí, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n tẹ̀ lé dé orí ibùsùn ilé-ìwòsàn.

A ti tún ẹ̀rọ ṣe. Tó o bá ní ara rẹ ti yá, yóò ní inú òun dùn, ṣùgbọ́n kó o ṣe pẹ̀lẹ́, yóò sì béèrè èyí tó kù nínú páálí. Ó di ìgbà tí oògùn bá tán kó tó kí ọ kú ewu. Apoògùn ti wá ń yẹ gbogbo ìkíni wò báyìí. Lánàá ló bi mí bóyá "ẹ káàárọ̀" ò lè mú kí ẹnì kan lo ti alẹ́ láàárọ̀. Oníbàtà náà ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní ikọ́ rẹ̀ ò béèrè apakòkòrò rárá.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Màmá kan lọ sí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n ní bàtà tó ti ń fún àwọn lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá gba àwọn. Wọ́n lo oògùn náà tán láìṣẹ́ ẹyọ kan kù. Nígbà tí dókítà yẹ ẹsẹ̀ wò tó ní ó ti jinná, mo na fóònù sí wọn, wọ́n tì í dànù, wọ́n ní kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra, kó o sì kí ọkọ rẹ dáadáa. Màmá ń kí ọ. Mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní, "Ẹ kú ewu, Màmá." Wọ́n ní kí n tún un sọ, pé ti inú fóònù dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́.