Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Àga Tò

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú, mo sì kí ọ kú ìdágbé. Ire tó bá jí wá ọ lówùúrọ̀ kò ní sùn síta. Ara mi le, àfi ojú mi tó ti dà bíi dígí tí ìrì bò. Bí ewúrẹ́ bá jìnnà sí mi díẹ̀, mo lè kí i kú alẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn. Ìwé nìkan ni mo ṣì ń rí, bí mo bá gbé e súnmọ́ imú.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, inú mi ò sì dùn sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá ọ lóhùn, o ò dúró gbọ́ ọ̀kan, o kàn ń sọ tìrẹ lọ. Mo ní kí télọ̀ ìtòsí wa bá mi tún un tẹ̀, o tún sọ ohun kan náà láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní ta ló kọ́ ọmọ mi ní àgídí báyìí? Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú gègé, torí lẹ́tà kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu.

O ní o ti gba àyè fún Ìyá Kékeré ọmọ rẹ ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ, pé ọkọ̀ yóò wá gbé e ní Sátidé, kí n sọ bóyá yóò gbà láti wọ̀ ọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú sójú ọ̀nà, bí ọmọ yẹn bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lásán, abẹ́ tábìlì ló ń sá lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù mi ló ń wà, èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ lé ọkọ rẹ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà rẹ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mi, pé ṣé mo fọwọ́ sí i kí ọmọ bá kíláàsì rìnrìn àjò, pé ẹ̀kọ́ nípa ohun ìrìnnà ni wọ́n ń kọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá a padà. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bóyá láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ ni ẹ̀rù yóò ti kúrò lára ẹ̀, mo bá fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n fi àmì sí èyí tí ọmọ ti wọ̀ rí nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú omi àti bàálù. Mo fi àmì sí gbogbo ẹ̀, kí wọ́n má bàa rò pé a ò dé ibì kankan rí. Mo di ẹrù fún un, aṣọ méjì, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti oògùn ibà, mo sì sìn ín lọ kí n lè gbóòórùn ẹnu awakọ̀ náà bóyá ó ti mutí.

Mi ò bá awakọ̀ kankan. Àga ọmọdé ni tíṣà tò ní méjì méjì láàárín kíláàsì, ó fi páálí yí i ká, ó fi abọ́ pépà ṣe táyà, ó fi ìdérí ìkòkò ṣe sítíárì, ó ní ọkọ̀ náà nìyẹn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò yíká. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ dára o, ṣùgbọ́n táyà àfirọ́pò dà? Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wakọ̀, mi ò gbéra láìsí i rí. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó wá abọ́ kan sí i, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ ló ń gba owó ọkọ̀, ó ń pariwo pé kí ẹni tó máa wọlé wọlé, ọkọ̀ ò dúró de ọ̀lẹ. Ìyá Kékeré di ilẹ̀kùn kíláàsì mú, kò jẹ́ sún mọ́ ọkọ̀. Aláìléyín ní ojo ni, pé páálí kì í géni jẹ. Tíṣà bá a wí, ó wá rọra bi ọmọ wa pé kí ló lè mú kó wọlé. Ó ní àfi bí bàbá àgbà òun bá wà á.

Ọmọ mi, láti ọjọ́ burúkú yẹn, mi ò fọwọ́ kan sítíárì mọ́. Mo jókòó sórí àga tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, orúnkún mi ń kan àgbọ̀n mi. Ìdérí ìkòkò yẹn tutù. Aláìléyín bi mí bóyá ọkọ̀ mi ti kú ni, pé àwọn èrò ń pẹ́. Mo fẹnu kùn bí ẹ́ńjìnnì, mo gbéra. Kò pẹ́ tí ọwọ́ kékeré kan fi di ẹ̀yìn aṣọ mi mú. Ó ti wọlé! Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, tíṣà ń nu ojú.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n Ìyá Kékeré yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí, ó ní ṣé èmi ni màá gbé òun lọ bá ìyá òun. Kí ni ǹ bá sọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n búra, mo sì búra lójú gbogbo èrò ọkọ̀.

Nítorí náà, má rán ọkọ̀ wá ní Sátidé, kò ní wọ ti ẹlòmíràn. Bí o bá lè wá fúnra rẹ, wá. Bí o kò bá lè wá, fi owó dókítà ojú ránṣẹ́ sí mi, àti èyí tí wọn yóò fi tún ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi ṣe. Mo ti dé ọ́fíìsì wọn. Akọ̀wé ní kí n ka ohun tó wà lára ògiri, mo bi í pé ògiri wo. Ó ní kí n máa lọ sinmi nílé. Ó dájú pé owó ló ń wá.

Láràárọ̀ ni Ìyá Kékeré ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, tó ń na ìka sókè, tó ń ní kí n ka iye tí òun nà. Mo kàn ń méfò ni. Lánàá mo ní mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn kó tó ní mo gbà á.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ bi ọ́ léèrè ohun tí o ò ní lè dáhùn.

Èmi ni,
Bàbá tó bí ọ lọ́mọ.