Mo Kí Ajórin, Kò Dáhùn

Ìfọ̀, oṣù Ẹ̀bìbì, 1956.

Sí ọmọ mi Mùsáfírù Àkànní, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọ̀gá rẹ ńkọ́, ìyàwó ọ̀gá rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀bà tí wọ́n ń fún ọ ń yó ọ? Ọlọ́hun tó mú ọ wọ Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àfi èmi tí ìdí mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé. Tíṣà Afọlábí tó kà á fún mi náà ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kó má fi ìmọ̀wé gé ọ̀rọ̀ mi kúrú.

O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ ìjórin sílẹ̀ kí o máa bọ̀ nílé. O ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń jórin a máa lẹ̀ mọ́ irin, bó bá sì jàjà jó, á dá irin lu. O ní ọ̀gá rẹ wo ibi tí o jó, ó ní imí adìẹ ni. O ní bó bá di alẹ́, ojú a máa ta ọ́ bí ẹni tí wọ́n da ata sí lójú. Mùsá, n kò lè jókòó mọ́. Bí mo bá gbé odó kalẹ̀, n ó tún gbé e padà sí kọ̀rọ̀. Bí mo bá gbọ́ ìró lọ́rì, n ó sáré bọ́ síta bóyá ìwọ lo dé. Èrò tèmi ni pé ebi ló ń pa ọ̀pá náà tó fi ń dì mọ́ irin bẹ́ẹ̀, kí ọ̀gá rẹ wá nǹkan fún un jẹ. Bàṣírátù ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n fara balẹ̀, mo ní ṣé kí ojú ọmọ mi fọ́ níbi tí mo ti ń fara balẹ̀? Mo di ẹrù, ó di gáréèjì, mo ń bọ̀ wá mú ọ.

Lọ́rì Sàlísù tí mo fẹ́ wọ̀ kò lè lọ. Irin gbọọrọ abẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, wọ́n sì ti lọ mú ajórin kan wá láti Abẹ́òkúta tòun ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n fi wáyà so lọ́rì náà mọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó má baà sá bí iná bá jó o. Mo kí ọmọkùnrin náà kú iṣẹ́, kò dáhùn. Mo tún kí i, ó fi nǹkan dúdú kan bojú. Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í kí ènìyàn kí n fi ìkíni mi sílẹ̀ nílẹ̀. Mo gba iwájú lọ, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tẹjú mọ́ ibi tí iná ti ń kọ mànà, mo ní n ó rí ojú ẹni tí ìyá rẹ̀ kò kọ́. Àwọn èrò ń pariwo pé kí n má wò ó, mo ní n ó wò ó. Mo wò ó títí ọ̀pá fi tán.

Nígbà tó ṣíjú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ariwo ẹ́ńjìnnì ni kò jẹ́ kóun gbọ́. Nọ́fíù lorúkọ rẹ̀, ọmọ gidi ni. Mo ro ẹjọ́ rẹ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí èyí tí kò ṣe òun rí. Ó ní ọ̀pá tó bá gba ọ̀rinrin kì í jó geere, nítorí náà kó wọn sórí àjà ìdáná ìyàwó ọ̀gá rẹ, níbi tí à ń kó àgbàdo sí. Ó ní kí o ha ibi tó dípẹtà dànù, kí o sì ṣá ọ̀pá náà bí ẹni ṣá ìṣáná, kí o tètè gbé e sókè díẹ̀. Bó bá lẹ̀, yí i lọ́wọ́, má fà á. Bó bá ń dá irin lu, iná ti pọ̀ jù, tàbí kí o ti pẹ́ jù lójú kan. Ojú tó ń ta ọ́, ó ní o máa ń yọjú wo iná kí o tó bojú ni.

Mùsá, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, iná tí mo wò ti ṣe ojú tèmi náà bí ẹni pé iyanrìn kún un. Mo sunkún, mo sì mọ̀ pé o kò purọ́ fún mi. Aṣọ tútù ni Bàṣírátù ń gbé lé e títí ó fi là.

N kò tí ì ríran dáadáa tí wọ́n fi mú mi padà lọ sí gáréèjì. Mo fọwọ́ bọ abẹ́ lọ́rì, mo wá ibi tí Nọ́fíù jó. Ó rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n ó dì. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni wọ́n kó sínú lọ́rì náà, obìnrin kan sì gun orí àpò ìrẹsì, ó pọn ọmọ, ó ń jẹ gúgúrú, kò mọ̀ pé irin kan ṣẹ́ lábẹ́ òun rí. Wọ́n ní kí n gòkè, mo ní ó tì. Mo gbé ẹrù mi, mo padà sílé, mo tú u.

N kò wá mú ọ mọ́, ìwọ náà má sì wá. Bí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n, jẹ́ kó gbọ̀n títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀gá bá pe iṣẹ́ rẹ ní imí adìẹ, kí i kú àlàyé, kí o tún un jó. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe ti oúnjẹ o, ìbòjú dúdú yẹn ni mo fẹ́ rà, kí n lè máa kí àwọn ajórin tó bá gba Ìfọ̀ kọjá láìsí ẹkún.

Ọlọ́hun á là ọ́ lójú, á fi ọ̀nà hàn ọ́, á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ balẹ̀. Obìnrin tí yóò pọnmọ jókòó sórí irin tí ìwọ bá jó, tí kò ní mọ orúkọ rẹ, yóò délé rẹ̀ láyọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, Wúlẹ̀mọ̀tù.