Fèrèsé Tí Mo Kàn Pa ní Ajídò

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti ìlú òyìnbó, bí ilẹ̀ ibí tilẹ̀ tutù kọjá sísọ. Ṣé ara le? Mo kí Sẹ́nàmì, àbúrò mi. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí, kí gbogbo ẹni tó ń yan ẹja létí ọ̀sà lè bá yín gbọ́ ọ.

Ilé iṣẹ́ tí mo wà ń ta ẹ̀rọ tó ń ka eruku tí ojú kò lè rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òyìnbó ń rà á. Èmi ni mo ń dán an wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Á fa afẹ́fẹ́ sínú, á fi oru ọtí bo eruku náà títí á fi wú, iná inú rẹ̀ á wá rí i, á kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi ní kí n sun igi díẹ̀ nínú agolo. Nọ́ńbà sáré títí ó fi kọjá agbára ẹ̀rọ. Mo pa iná. Èéfín ti tán lójú, ẹ̀rọ ṣì ń kà. Mo béèrè ohun tó ń kà. Ọ̀gá ní èyí tó kéré jù lọ ni, pé òun gan-an ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, tó ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Bàbá, ẹ kọ̀wé pé ayé ló fi ikọ́ pa Màámi. Ayé kọ́. Ẹ rántí ìgbà tí àwọn ṣọ́jà wó àtíbàbà etí ọ̀sà, tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ yan ẹja mọ́, tí Màámi gbé ààrò ẹja wọ ilé ìdáná. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má baà rí èéfín, ni mo bá gé pákó, mo kan fèrèsé pa. Màámi ní mo gbọ́n, ó súre fún mi. Ọdún mẹ́ta ló fi yan ẹja níbẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi kò sì tíì jáde, n kò lè wá sin ín. Ọkàn mi ti bàjẹ́.

Sẹ́nàmì ló wà nídìí ààrò yẹn báyìí. Ẹ ní ó ń wúkọ́ díẹ̀ láàárọ̀, pé òtútù ni. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ yọ pákó náà lónìí. Kí ṣọ́jà rí èéfín tó bá fẹ́ rí i.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi dé ibojì Màámi. Ìṣó mẹ́jọ ni mo lò. Mo gbá wọn wọlé dáadáa, ẹ ó fi agbára díẹ̀ sí i.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sẹ́wànù.