Ibi tí Ẹ Máa Ń Fò nínú Ìtàn Àwọn Ọba

Daddy mi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ sùn sí. Kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà ṣe ilé fún yín. Òtútù ti dé sí Peckham, hítà inú gbọ̀ngàn ilé-kéwú wa sì ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Mummy wà, àmọ́ orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n ṣì ń bu tíì yín sílẹ̀ nígbà míì. Tí wọ́n bá rántí, wọ́n á mu ún fúnra wọn.

Mo ṣì ń sọ ìtàn àwọn ọba yẹn fún àwọn ọmọ lọ́jọọjọ́ Sunday, lẹ́yìn tí wọ́n bá kéwú tán. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é náà ni mò ń ṣe é. Mo máa ń gbé ìkòkò tíì sáàárín ẹní, ìyẹn ìlú tí à ń pè ní Istanbul lónìí. Mo máa ń na tẹ̀sùbáà gbọọrọ síwájú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀wọ̀n irin tí àwọn ará ìlú náà fi dí ojú omi mọ́ àwọn Ọ́tómánì, àwọn ará Tọ́kì tó wá gbà á. Dàbínù ni ọkọ̀ ogun. Àwọn ọmọ á wọ́ dàbínù gba orí ilẹ̀, bí àwọn Ọ́tómánì ṣe wọ́ ọkọ̀ wọn gba orí òkè, tí wọ́n sì já sómi lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n. Tí ìlú bá ti ṣubú, wọ́n á jẹ ọkọ̀. Wọ́n ṣì máa ń jà sí èyí tó bá tóbi jù.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọba yẹn lẹ fẹ́ràn jù. Ẹ máa ń sọ pé ìdílé kékeré létí ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn Ọ́tómánì kí wọ́n tó di ńlá. Ẹ máa ń sọ pé ẹni tó dá ìjọba Múgàlì sílẹ̀ ní Íńdíà, ọmọdé ni nígbà tó jogún ilẹ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rìn kiri. Ẹ máa ń sọ pé wọ́n gbé ọba àkọ́kọ́ ti Sáfáwì pamọ́ ní kékeré kí Ìránì tó di tirẹ̀. Ojú yín máa ń dán bí ẹni pé ẹ bá wọn rìn ín. Mo rò nígbà náà pé ìtàn ọba lásán ni. Ṣé ìtàn yín ni ẹ ń sọ, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ẹnì kankan nígbà tí ẹ dé London? Àbí àwa ọmọ lẹ fẹ́ kó yé pé ẹni tó wà létí lónìí lè wà láàárín lọ́la?

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, Daddy. Ẹ kò sọ ẹni tó máa gba ipò yín kí ẹ tó lọ. Lọ́jọ́ fìdáù yín, àwọn àgbà béèrè ẹni tí yóò máa bójú tó ilé-kéwú. Bọ̀dá Táófíìkì ní àkọ́bí ni àwọn, àwọn ló kàn. Èmi náà ní èmi ni mo ń bá yín tẹ́ ẹní nígbà tí Bọ̀dá ń wa bọ́ọ̀sì. Ni Bọ̀dá bá sọ níwájú gbogbo èrò pé obìnrin kì í ṣe olórí ilé-kéwú. Inú bí mi, mo ní kí wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀. Wọ́n sì lọ lóòótọ́. Wọ́n gba gbọ̀ngàn kan ní Catford, wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin tó ti dàgbà lọ. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Mummy kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Wọ́n á jókòó lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ kan, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Catford lọ́sẹ̀ kejì, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mò ń rí i, mò ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní Sunday tó kọjá, mo ní bàbá ọba kú, ọmọ sì gorí ìtẹ́, mo ti fẹ́ kọjá sí ìdí ìbọn ńlá tí wọ́n fi wó odi ìlú, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ni Sùmáyà, ọmọdébìnrin kan tí kì í gba ìtàn gbọ́ láìwádìí, bá nawọ́ sókè.

"Aunty, àwọn brothers ẹ̀ ńkọ́? Did he not have any?"

Ó ní wọn. Mo ti kà á nínú ìwé, mo sì mọ ìdí tí ẹ fi máa ń fo ibẹ̀. Ọba Ọ́tómánì tuntun máa ń ní kí wọ́n pa àwọn arákùnrin rẹ̀, títí kan ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọ ọba Múgàlì máa ń pàdé ara wọn lójú ogun. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ti àwọn yẹn, bí i kí wọ́n kú gan-an ni. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ìdí rẹ̀. Àwọn kan ti pín ilẹ̀ fún ọmọ ṣáájú wọn, ilẹ̀ náà sì fọ́ sí wọn lọ́wọ́ bí àwo. Wọ́n wá gbà pé kí ẹnì kan ṣoṣo kù. Ilẹ̀ wọn kò pín, ó sì gbòòrò. Ṣé kò sí ọ̀nà kẹta ni, Daddy? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tí ẹ kò sọ?

Mo rọra sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ. Sùmáyà la ẹnu sílẹ̀.

"That's mad, Aunty. Mummy wọn ńkọ́? Ṣé they couldn't stop them ni?"

Mummy wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

Nígbà tí àwọn òbí ti wá kó ọmọ wọn tán, mo di ọwọ́ Mummy mú, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Catford. Bọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ẹní nígbà tí a dé, àwọn ọmọkùnrin kan ṣì ń wá bàtà wọn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe pé mo gbà pé obìnrin kò lè ṣe olórí. N kò gbà á, n kò sì ní gbà á. Mo kúnlẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n.

"Dìde jọ̀ọ́, àwọn ọmọ ń wò wá," ni Bọ̀dá sọ. Nígbà tí n kò dìde, àwọn náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi. "Tí mo bá ń kéwú, ohùn Daddy ni mo máa ń gbọ́. I swear. Mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún."

Daddy mi, a kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ olórí. Catford ṣì wà, Peckham ṣì wà. Àmọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin yín, ìjà kò jẹ́ kí a ráyè. Ọjọ́ Sunday yẹn, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ̀ngàn, ni àwa ọmọ yín kọ́kọ́ jọ sunkún yín.

Ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn mi,
èmi ni, ọmọ yín obìnrin.